Aago Olùsáré: Bí A Ti Ń Yan Èyí Tí Yóò Bá Wa Mu



Àwọn bàbá wa a máa wí pé àgbàlagbà kì í sáré lásán: bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ni ó ń lé e. Bí àwọn tí ó pa òwe yìí bá jí lónìí, tí wọ́n sì rìn wọ ìgboro Ìbàdàn tàbí Èkó ní agogo mẹ́fà òwúrọ̀, ẹnu yóò yà wọ́n. Wọn yóò rí bàbá olórí ewú tí ó wọ ṣòkòtò péńpé, tí ó ń sáré, tí kò sì sí ajá kankan lẹ́yìn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹran tí ó ń lé. Ìlera ni ó ń lé, àìsàn ni ó sì ń sá fún. Òwe náà kò tí ì di irọ́.

Bí ẹ bá wo ọwọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ dáadáa, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí aago kan níbẹ̀ tí ó yàtọ̀ sí èyí tí a fi ń wo àkókò lásán. Aago náà ń sọ iye kìlómítà tí ó ti sá fún un, ó ń sọ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yá tó, ó sì ń sọ bí ọkàn rẹ̀ ti ń lù. Ètò tí aago náà fi ń mọ ibi tí ó wà ni a ń pè ní GPS. Irú aago yìí kì í ṣe ohun olówó pọ́ọ́kú. Owó tí a fi ń ra òmíràn nínú wọn ju owó oṣù olùkọ́ lọ. Ẹni tí ó bá lọ rà á láìwádìí lè kó owó ilé-ìwé ọmọ dà sórí ohun tí kò ní wúlò fún un ju oṣù mẹ́ta lọ. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò nírọ̀lẹ́ òní: báwo ni aago yìí ti ń ṣiṣẹ́, kí ni ó mọ̀, kí ni kò mọ̀, àti pé kí ni ó yẹ kí a béèrè kí a tó na owó wa.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ rántí bí ó ti máa ń rí nígbà tí òjò bá ṣú. Mànàmáná á kọ́kọ́ kọ, lẹ́yìn náà ni àrá á wá sán. Ìmọ́lẹ̀ ti dé ojú wa lọ́gán, ṣùgbọ́n ìró kò lè yára bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí 340 mítà ni ó ń rìn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ẹ bá ka ení, èjì, ẹ̀ta láàárín mànàmáná àti àrá, ẹ ti mọ̀ pé ibi tí àrá náà ti sán tó nǹkan bí kìlómítà kan sí yín. Ẹ kò fi okùn wọn ilẹ̀. Àkókò ni ẹ fi wọn ọ̀nà.

Bákan náà gẹ́lẹ́ ni aago yìí ń ṣe. Orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni ó ni ètò GPS. Ní 1978 ni wọ́n fi sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ nínú ètò náà ránṣẹ́ sí ojú ọ̀run, ètò náà sì pé pátápátá ní 1995. Ó kéré tán, 24 sátẹ́láìtì ni ètò náà ń fẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ tó lè pé. Wọ́n ń yí ayé po lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, ní nǹkan bí 20,200 kìlómítà lókè orí wa. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbé aago tí ó péye gidigidi dání, ó sì ń fi ìgbì rédíò kéde láìdákẹ́, bí akéde ọba: “Èmi rèé, ibi báyìí ni mo wà, àkókò báyìí ni ó sì lù.” Ìgbì rédíò kì í rìn bí ìró àrá. 300,000 kìlómítà ni ó ń rìn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Láti òkè lọ́hùn-ún dé ọrùn ọwọ́ yín, nǹkan bí ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá ni ó ń gbà. Bí a bá ṣi àkókò náà kà pẹ̀lú ìdá kan péré nínú mílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú-àáyá, a ti fi 300 mítà ṣìnà.

Bí sátẹ́láìtì kan bá sọ fún aago pé “báyìí ni o ti jìnnà sí mi tó,” aago kò tí ì mọ ibi tí ó wà. Ó dà bí ewúrẹ́ tí a so mọ́ èèkàn. A mọ bí okùn rẹ̀ ti gùn tó, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ lè wà níbikíbi tí okùn náà bá yí dé. Bí a bá tún fi okùn kejì so ó mọ́ èèkàn mìíràn, tí okùn méjèèjì sì le gbọnrangandan, ibi méjì péré ni ó kù tí ewúrẹ́ náà lè dúró sí. Okùn kẹta ni yóò mú un dúró sójú kan. Ní ti aago, ó ń fẹ́ ẹ̀kẹrin pẹ̀lú, nítorí pé aago kékeré tí ó wà lọ́wọ́ wa kò péye bíi ti àwọn tí ó wà lókè. Ẹ̀kẹrin ni ó ń bá a tún àkókò rẹ̀ ṣe. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Sátẹ́láìtì mẹ́rin ni ó kéré jù, bí wọ́n bá sì ti pọ̀ sí i ni ó ń dára sí i.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó fi ọpọlọ wọn sí iṣẹ́ yìí. Ọ̀kan nínú wọn ni Gladys West, obìnrin aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà tí a bí ní 1930, onímọ̀ ìṣirò tí ó ṣiṣẹ́ ní Dahlgren ní ìpínlẹ̀ Virginia. Ayé kì í ṣe bọ́ọ̀lù tí ó rí rìbìtì láìlábùkù. Ìṣirò tí obìnrin yìí ṣe nípa bí ayé ti rí gan-an wà lára ìpìlẹ̀ tí GPS dúró lé. Ẹ̀yin ọmọbìnrin tí ìṣirò ń dẹ́rù bà, ẹ gbọ́ o.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ìjọba Amẹ́ríkà mọ̀ọ́mọ̀ ń da àṣìṣe pọ̀ mọ́ ohun tí àwọn ará ìlú ń gbà láti ọ̀run, kí ọ̀tá má ba à rí i lò. Ní oṣù karùn-ún 2000 ni Ààrẹ Clinton pàṣẹ pé kí wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ilé-iṣẹ́ Casio ti ilẹ̀ Japan ti gbé aago ọwọ́ àkọ́kọ́ tí ó ní GPS jáde ní 1999. Ní 2003 ni Garmin ti Amẹ́ríkà gbé Forerunner tí ó ní GPS jáde fún àwọn olùsáré. Lónìí, kì í ṣe Amẹ́ríkà nìkan ni ó ní sátẹ́láìtì irú èyí. Rọ́ṣíà ní GLONASS, ilẹ̀ Yúróòpù ní Galileo, Ṣáínà ní BeiDou. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, aago tí ó bá sì lè gbọ́ ohùn gbogbo wọn kì í tètè ṣìnà.

Nísisìyí, ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rẹ́ méjì ṣe àpẹẹrẹ. Wọ́n jọ sáré ní Ìbàdàn ní òwúrọ̀ kan, wọ́n gba Dùgbẹ̀ kọjá, wọ́n sì jọ padà sílé. Aago ti ọ̀kan ní 5 kìlómítà ni wọ́n sá, ti èkejì ní 5.2 ni. Èwo ni ó ń purọ́ nínú wọn? Kò sí èyí tí ó ń purọ́ nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣeé ṣe kí ó má sí èyí tí ó sọ òótọ́ tán.

Aago kò rí ọ̀nà bí ojú ti í rí i. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń fi àmì kan sílẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ń fi ìlà so àwọn àmì náà pọ̀, bí ẹni tí ń sín ìlẹ̀kẹ̀. Bí àmì kan bá yà sí ọ̀tún díẹ̀, tí èkejì yà sí òsì, ìlà náà yóò rí wọ́gọwọ̀gọ, ọ̀nà yóò sì gùn ju bí ó ti yẹ lọ. Bí àwọn àmì bá sì jìnnà síra wọn, ìlà yóò gé kọ̀rọ̀ kọjá, ọ̀nà yóò sì kúrú ju bí ó ti yẹ lọ. Ilé gíga náà ń dá kún un. Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, ilé àwòṣífìlà tí ó ní àjà 26, lè dí ojú ọ̀run mọ́ aago, ó sì lè dá ìgbì rédíò padà bí àpáta ti ń dá ohùn padà. Aago á wá gbọ́ gbohùngbohùn, á sì rò pé ohùn gidi ni. Abẹ́ igi tí ó ṣú dùdù kò yàtọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n lórí afárá gígùn Third Mainland ní Èkó, níbi tí ojú ọ̀run ti ṣí sílẹ̀ gbayawu, aago a máa gbọ́ kedere.

Èyí náà ni ó fà á tí iye ìyára tí ẹ ń rí lójú aago fi ń gòkè tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tí ó ń gun jangirọ́fà. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ẹni tí ó ń fi ìṣẹ́jú 6 sá kìlómítà kan kì í sá tó 3 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bẹ́ẹ̀ ni àṣìṣe aago lórí ibi tí ó wà lè tó mítà mélòó kan. Àṣìṣe náà lè ju ìrìn náà lọ! Àwọn tí ń ṣe aago mọ èyí, wọ́n sì ń fi oríṣiríṣi ìṣirò dín in kù, ṣùgbọ́n wọn kò lè mú un kúrò tán. Nítorí náà, ẹ má ṣe máa sáré tẹ̀lé iye ìyára ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ìpíndọ́gba ìyára lórí odindi kìlómítà kan ni ó yẹ kí ẹ máa wò.

Àwọn kan máa ń bínú sí àwọn tí ó ṣètò eré ìje. Wọn á ní, “Wọ́n sọ pé 42.195 kìlómítà ni, aago mi sì sọ pé 42.6. Wọ́n rẹ́ wa jẹ!” Irú ìbínú bẹ́ẹ̀ kò tọ́. Eré ìje bíi ti Èkó, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2016, kì í ṣe aago ni a fi ń wọn ọ̀nà rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni àwọn tí ń wọn ọ̀nà eré ìje ń gùn, tí wọ́n fi ohun èlò kékeré kan tí ń jẹ́ Jones Counter há ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ti iwájú. Ohun èlò náà ń ka yíyí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Wọ́n á kọ́kọ́ gun kẹ̀kẹ́ náà lórí ọ̀nà kan tí wọ́n ti fi tépù irin wọ̀n, kí wọ́n lè mọ iye tí ó ń kà fún kìlómítà kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gba ibi tí ó kúrú jù lọ tí ẹsẹ̀ olùsáré lè gbà. Wọ́n sì tún ń fi ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún kún un, kí ọ̀nà má ba à kúrú. Nínú eré Marathon, èyí tó nǹkan bí 42 mítà. Olùsáré tí ó bá ń yà fún èrò, tí ó ń yà lọ mu omi, tí kò sì gba etí inú kọ̀rọ̀, yóò sá ju iye náà lọ ní tòótọ́. Aago rẹ̀ yóò sì tún fi tirẹ̀ kún un.

Nígbà tí a ti mọ èyí, ẹ jẹ́ kí a lọ sí ìsọ̀ wàyí. Ohun méje ni kí ẹ béèrè.

Èkíní: ṣé aago náà ní GPS tirẹ̀, àbí ti fóònù ni ó ń yá lò? Ìbéèrè yìí ni ó ṣe kókó jù lọ. Ọ̀pọ̀ aago olówó kékeré ni a kọ GPS sí lára páálí wọn, ṣùgbọ́n fóònù tí ó wà nínú àpò yín ni yóò máa bá wọn wá ọ̀nà. Bí ẹ bá fi fóònù sílé, wọn kò mọ ibì kankan. Bí ẹ bá lè ṣe é, ẹ fi fóònù sílẹ̀ lọ́wọ́ òǹtajà, ẹ gbé aago náà jáde sí gbangba, kí ẹ ní kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka eré. Bí ó bá ní GPS tirẹ̀, yóò sọ fún yín láìpẹ́ pé òun ti rí sátẹ́láìtì.

Èkejì: wákàtí mélòó ni bátìrì rẹ̀ lè lò bí GPS bá ń ṣiṣẹ́? Ẹ má ṣe gba “ọjọ́ mẹ́rìnlá” ní ìdáhùn. Ọjọ́ mẹ́rìnlá náà jẹ́ ti aago tí ó kàn wà lọ́wọ́, tí kò sáré. Ẹ tún béèrè bóyá iye wákàtí tí wọ́n kọ jẹ́ ti ìgbà tí ó ń gbọ́ gbogbo sátẹ́láìtì, tàbí ti ìgbà tí ó ń sàmì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti fi pa bátìrì mọ́. Bátìrì a máa darúgbó. Ẹni tí yóò fi wákàtí márùn-ún sá Marathon, kí ó wá aago tí ó lè lo wákàtí mẹ́wàá. Níbi tí iná kì í dúró, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Ẹ̀kẹta: irú sátẹ́láìtì wo ni ó lè gbọ́? Púpọ̀ nínú àwọn aago ìsinsìnyí ń gbọ́ ju ti Amẹ́ríkà nìkan lọ. Àwọn kan tún wà tí ń gbọ́ ohùn sátẹ́láìtì lórí ìgbì méjì lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n sì lè tipa bẹ́ẹ̀ fi ìyàtọ̀ sáàárín ohùn gidi àti gbohùngbohùn. Wọ́n dára, ṣùgbọ́n owó wọn ga, wọ́n sì ń jẹ bátìrì. Ẹni tí ń sáré láàárín àwọn ilé gíga Marina ní Èkó lè jèrè rẹ̀. Ẹni tí ń sáré ní ọ̀nà gbalasa etí oko kò ní mọ ìyàtọ̀, kí ó má san owó rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin: báwo ni ó ti ń ka ìlù ọkàn? Bí ẹ bá yí ẹ̀yìn aago wò, ẹ ó rí iná kékeré aláwọ̀ ewé. Ẹ̀jẹ̀ a máa gbé ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé mì. Bí ọkàn bá lù, ẹ̀jẹ̀ á pọ̀ sí i lábẹ́ awọ, ìmọ́lẹ̀ tí ó padà á dín kù; bí aago ti ń ka ìlù ọkàn nìyẹn. Bí okùn aago bá dẹ̀, iṣẹ́ náà bàjẹ́. Nígbà mìíràn, aago a máa ṣi ìró ẹsẹ̀ gbà fún ìlù ọkàn. Ẹni tí ó bá ń fẹ́ ìṣirò tí ó péye jù, kí ó wá bẹ́líìtì àyà tí ń gbọ́ iná mànàmáná inú ọkàn fúnra rẹ̀, kí ó sì béèrè bóyá aago tí ó fẹ́ rà lè bá a sọ̀rọ̀.

Ẹ̀karùn-ún: báwo ni ojú aago àti bọ́tìnì rẹ̀ ti rí? Ojú aago tí ń tàn yòò bí ti fóònù lẹ́wà, ṣùgbọ́n ó ń jẹ bátìrì ju irú kejì lọ, èyí tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn fúnra rẹ̀ ń mú kí ó hàn sí i. Bọ́tìnì gidi dára ju fífi ìka ra ojú gíláàsì lọ nígbà tí òógùn tàbí òjò bá ti bo ọwọ́. Ẹ gbé e wọ̀ kí ẹ tó rà á. Aago tí ó bá tóbi ju ọrùn ọwọ́ lọ yóò máa jó, kò sì ní ka ìlù ọkàn bí ó ti yẹ.

Ẹ̀kẹfà: ṣé omi kò lè wọ inú rẹ̀? Wọ́n a máa kọ 50 mítà tàbí 5 ATM sí i lára. Èyí kò wí pé kí ẹ wọ́ ọ lọ sí ìsàlẹ̀ òkun. Agbára omi tí ó dúró jẹ́ẹ́ ni wọ́n fi dán an wò. Ó tó fún òjò, fún òógùn àti fún ìlúwẹ̀ẹ́. Ẹ máa fi omi tí ó mọ́ ṣan án lẹ́yìn eré, kí ẹ sì nù ún gbẹ kí ẹ tó ki okùn iná bọ̀ ọ́, nítorí iyọ̀ inú òógùn a máa jẹ ojú irin rẹ̀.

Ẹ̀keje: lẹ́yìn tí mo bá rà á ńkọ́? Okùn tí a fi ń gba iná sí aago kan kì í sábàá bá òmíràn mu. Bí ó bá sọnù, níbo ni ẹ ó ti rí òmíràn? Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ rí i dájú pé olówó rẹ̀ àtijọ́ ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, nítorí àwọn kan wà tí kò ní ṣí fún ẹlòmíràn. Ẹ tún wo bóyá fóònù tí ẹ ní nísisìyí lè bá a ṣiṣẹ́, kí ẹ má ba à ra aago tán kí ẹ tún máa wá owó fóònù.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń sá kìlómítà mẹ́ta ní àràárọ̀ kí ara rẹ̀ lè le kò nílò láti ra nǹkankan; fóònù tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè wọn ọ̀nà fún un. Ìyá ọlọ́jà tí ó ń sá kìlómítà mẹ́wàá lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, tí kò fẹ́ gbé fóònù dání nítorí àwọn ọmọ ìta, aago tí ó kéré jù tí ó ní GPS tirẹ̀ ti tó o. Ẹni tí ó ń múra sílẹ̀ fún eré Marathon nìkan ni mo lè gbà níyànjú láti fi owó kún owó, nítorí bátìrì àti nítorí pé yóò lò ó fún ọ̀pọ̀ wákàtí lọ́sẹ̀.

Bí ẹ bá ti rà á, ẹ dán an wò ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nígbà tí òǹtajà ṣì lè gbà á padà. Ẹ kọ́kọ́ dúró ní gbangba títí yóò fi sọ pé òun ti rí sátẹ́láìtì. Nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 30 ni sátẹ́láìtì GPS kan fi ń sọ ibi tí ó wà tán. Ẹni tí kò lè dúró ìṣẹ́jú kan, òun ni ó ń ba ìwọ̀n ara rẹ̀ jẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ sá ọ̀nà kan náà lẹ́ẹ̀mẹta ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá súnmọ́ra, aago yín ṣeé gbọ́kàn lé. Ẹ wo àwòrán ọ̀nà náà pẹ̀lú. Bí ìlà rẹ̀ bá ń gba inú yàrá onílé kọjá, nígbà tí ó jẹ́ pé títì ni ẹ gbà, ẹ dá a padà.

Ó ku ohun mẹ́ta tí mo fẹ́ kì yín nílọ̀ lé lórí.

Àkọ́kọ́, aago kì í ṣe dókítà. Púpọ̀ nínú wọn ń fi ọjọ́ orí yọ kúrò nínú 220 láti fi mọ ibi tí ìlù ọkàn lè ga dé. Fún ẹni ọdún 45, ìyẹn jẹ́ 175. Àfojúsùn lásán ni. Ti ẹlòmíràn lè fi mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yàtọ̀ sí i. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn wà tí ń dín ìlù ọkàn kù, tí ẹni tí ó ń lò ó yóò fi rẹ̀ tán kí aago tó sọ pé ó ń ṣe iṣẹ́. Bí àyà bá ń dùn yín, bí òòyì bá ń kọ́ yín, tàbí bí èémí kò bá dé ilẹ̀, ẹ dúró, kí ẹ sì wá ilé ìwòsàn lọ, ohun yòówù tí aago ìbáà sọ. Ọ̀pọ̀ ni ó ti wo ọwọ́ nígbà tí ó yẹ kí wọ́n gbọ́ ti àyà wọn.

Èkejì, aago ń kọ ibi tí ẹ ń lọ sílẹ̀. Ní oṣù kìíní 2018, àwọn ènìyàn ṣàkíyèsí pé àwòrán ayé tí ilé-iṣẹ́ Strava gbé jáde láti inú àkọsílẹ̀ àwọn olùsáré ń fi ibùdó àwọn ọmọ ogun hàn, nítorí àwọn sójà ń sáré yí i ká. Bí ó bá lè tú àṣírí ibùdó ogun, yóò tú ti ilé yín. Ẹ̀yin obìnrin ní pàtàkì, ẹ má ṣe jẹ́ kí gbogbo ayé rí ibi tí ẹ ti ń bẹ̀rẹ̀ eré àti aago tí ẹ ń jáde. Ààyè wà nínú ètò wọn láti fi èyí pamọ́; ẹ lò ó kí ẹ tó sá kìlómítà àkọ́kọ́.

Ẹ̀kẹta, ojú ọ̀nà ni kí ojú wà. Ọlọ́kadà kò mọ̀ pé ìyára yín ni ẹ ń wò. Ẹ kọjú sí ọkọ̀ tí ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí aago máa gbọ̀n lọ́wọ́ yín bí kìlómítà bá pé, kí ẹ má sì wò ó títí ẹ ó fi dé ibi tí kò séwu.

Aago dára, ṣùgbọ́n kò ní ẹsẹ̀. Ẹni tí ó bá ń sáré lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ láìní aago sàn ju ẹni tí ó ra èyí tí ó wọ́n jù lọ tí ó sì ń fi wo ìgbà tí ọbẹ̀ yóò jinná. Bí owó bá wà, ẹ béèrè ìbéèrè méje náà kí ẹ tó rà á. Bí kò bá sí, ilẹ̀ tí a ń sáré lórí rẹ̀ kò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.